Ṣé owó ló ń jẹ igbó àti omi wa? Ìdáhùn sí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ni mí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ra ilẹ̀ kan sí ọ̀nà Ìlobùú, wọ́n sì gbin tíìkì sí i ní ọdún 2011. Àwọn onígẹdú ti wá wò ó báyìí, wọ́n ti dá owó lé e. Ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ ní ká tà á, ká máa fi owó rẹ̀ yá ara wa. Ìdajì tó kù ní ká fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Àbúrò mi ọkùnrin ní ètò owó ayé ló fa gbogbo rẹ̀: pé báńkì ń dá owó tí wọ́n ń yáni, wọn kì í dá èlé rẹ̀, nítorí náà ayé á máa gégi, á máa walẹ̀ títí láti rí èlé san. Ó ní bí a bá padà sí owó tí wúrà dúró fún, ìyẹn owó tí a kò lè tẹ̀ ju wúrà tó wà nípamọ́ lọ, igbó àti omi á simi. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sọ fún ẹgbẹ́?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé kí onígẹdú tó gbé ẹ̀rọ ìgégi wọ ilẹ̀ yẹn.

Àbúrò yín ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí: owó máa ń pàṣẹ fún igbó àti odò. Ibi tí èmi àti òun ti yà ni bí àṣẹ náà ṣe ń wáyé, àti oògùn tó ní ká lò sí i. Lójú tèmi, ohun tí ètò owó ń ṣe ni pé ó ń dá iye lé sùúrù. Ìlú tí sùúrù bá ti wọ́n jù, ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa ló máa kọ́kọ́ lọ, torí ẹni tó bá dúró kò mọ̀ bóyá òun ni yóò kórè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ẹnì kan ṣèlérí pé òun yóò fún yín ní mílíọ̀nù kan náírà ní ọdún 25 sí ìsinsìnyí. Èló ló tọ́ kí ẹ gbà lónìí dípò ìlérí yẹn? Níbi tí owó bá ti ń bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nǹkan bíi ₦295,000 ni. Níbi tí èlé bá ti jẹ́ ìdá 27, kò ju nǹkan bíi ₦2,500 lọ. Igi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Èlé nìkan ló yàtọ̀, òun ló sì sọ igi tí baba gbìn de ọmọ di ohun tí kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan fún ilé.

Mi ò já ìdá 27 yẹn láti ojú ọ̀run. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn báńkì yòókù ń wò kí wọ́n tó dá èlé tiwọn, sí 13%. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti dé 27.5%. Wọ́n gbé e sókè nítorí pé ọjà ń gbówó lérí kíkankíkan, mi ò sì sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó fẹ́ gbin ìrókò tàbí ọ̀gànwó. Igi wo ni yóò bá irú èlé bẹ́ẹ̀ sáré?

Onímọ̀ ìṣirò ará Kánádà kan, Colin Clark, ti ṣe ìṣirò yìí ní ọdún 1973 lórí àwọn àbùùbùtán inú òkun. Ó fi hàn pé bí ẹranko náà bá ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí owó inú báńkì sì ń bí jù ú lọ, ọdẹ tó jẹ́ pé èrè nìkan ló ń wá yóò rí i pé ó sàn kí òun pa gbogbo wọn tán, kí òun kó owó wọn sí báńkì. Kódà bí òun nìkan bá ló ni gbogbo òkun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá ti pín ohun àjọni fún oníkálukú, ìbàjẹ́ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí igi jẹ́ tirẹ̀ nìkan náà lè gé e nígbà tí owó bá ti sọ fún un pé kó má dúró.

Ẹni tó mọ ìṣirò yóò bi mí pé, ṣé iye igi náà kò ní gun òkè pẹ̀lú ọjà ni? Yóò gùn. Nítorí náà ohun tó yẹ ká wò ni ohun tó ṣẹ́kù lára èlé lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tíìkì yín wà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ tà á ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹ wá ń yá ara yín ní náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Lẹ́yìn ọdún kan, ₦4,480,000 ni yóò wà lọ́wọ́. Nínú ìṣirò tí ìjọba gbé jáde fún oṣù kejìlá ọdún 2024, ọjà ti fi 34.8% wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó lè ra ohun tí mílíọ̀nù mẹ́rin rà tẹ́lẹ̀, ẹ nílò ₦5,392,000. Èlé ti wọlé lórí ìwé, síbẹ̀ ohun tó lé ní ₦900,000 ti yọ́ dànù. Tíìkì ì bá wà lórí ìdúró, ì bá máa sanra, iye rẹ̀ ì bá sì máa bá ọjà lọ. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Àwọn tó ń dá èésú ní Ọjà Ọba mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Èésú kò ní èlé rárá. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o! Ẹni tó kó o lóṣù kìíní ra àpò ìrẹsì mélòó kan. Ẹni tó kó o lóṣù kejìlá kò rí iye àpò yẹn rà mọ́, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n jọ dá. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ká kàn pa èlé rẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Owó tí kò dúró sójú kan ń jẹ onísùúrù níyà, èlé ì báà wà, ì báà má sí.

Kí ló wá dé tí ìdajì ẹgbẹ́ fi fẹ́ tà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè wọ́n ní wọ̀bìà. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn wà lọ́wọ́ àwọn gbómúléláńtánì. Ẹni tó ń san náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí èlé sì ń gun orí èlé, ń san nǹkan bíi 80% lọ́dún. Ti sógúndogójì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kan ò sí lábẹ́ ọ̀run tó ń sanra ní ìdá 80 lọ́dún. Fún ẹni tó wà nínú irú gbèsè yẹn, títa tíìkì lónìí bọ́gbọ́n mu pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdánù ni fún ẹgbẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó ń sun èédú nínú igbó ìjọba, àti ẹni tó ń wa yanrìn létí odò: kò ní dọ́là, kò ní ìpín nílé-iṣẹ́ kankan, ohun tí gbogbo wa jọ ni nìkan ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ nígbà tí náírà rẹ̀ bá fúyẹ́.

Ní ti pé báńkì dá owó, wọn kò dá èlé, apá kìíní jẹ́ òótọ́. Nígbà tí báńkì bá yá èèyàn lówó, àkáǹtì rẹ̀ ni wọ́n kọ owó tuntun náà sí, kì í ṣe owó ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún un. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbangba ní ọdún 2014. Apá kejì ló mẹ́hẹ. Èlé tí báńkì gbà ń padà sígboro: wọ́n ń fi san owó oṣù, wọ́n ń fi ra dísù, wọ́n ń pín in fún àwọn tó ní ìpín. Owó kan náà lè san ọ̀pọ̀ èlé bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, nítorí náà kò sí ìṣirò kan tó fi dandan lé e pé ayé gbọ́dọ̀ gbẹ́ kí èlé tó lè san. Ohun tó wà ni ọjọ́. Gbèsè ní ọjọ́ tó pé, igi kò ní. Bí ọjọ́ gbèsè bá pé kí igi tó gbó, igi tí kò gbó náà ni wọn yóò gé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí wúrà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti dùn mí jù.

Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, omi ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yẹn ni wúrà wà. Àwọn awakùsà ń tú ilẹ̀ etídò, wọ́n ń fi omi ṣan án, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń bá odò wálẹ̀. Irú àwọn awakùsà kéékèèké báyìí a máa fi mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, kó wúrà jọ, mẹ́kúrì kì í sì í jẹrà. Inú ẹja ló ń wọ̀, láti ibẹ̀ ó di ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀. Odò tí a ń pọn fún aboyún àti ọmọ tuntun wá di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn jẹ́ ní Òṣogbo, kò sì yẹ ká jẹ́ kó mọ́ wa lára.

Kí ló gbé awakùsà dé etídò yẹn? Ìyà wà ńbẹ̀, àìbìkítà ìjọba wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò owó náà wà ńbẹ̀. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1971, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi wúrà pààrọ̀ dọ́là fún àwọn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, $35 ni wọ́n sì ka áúnsì wúrà kan (nǹkan bíi gíráàmù 31) sí. Ààrẹ Nixon fòpin sí i. Láti ìgbà náà, bí ọkàn àwọn olówó kò bá ti balẹ̀ lórí owó bébà, ẹ̀yìn wúrà ni wọ́n ń sá sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, áúnsì kan kọjá $2,000. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó kọjá $3,000. Tiwa tún wá légbá kan, nítorí náírà ń já wálẹ̀ bí wúrà ṣe ń gòkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ó tó pé ọdún kan, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: áúnsì wúrà kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦900,000 kí náírà tó já ti lé ní ₦4.5 mílíọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 2025. Láàárín ìgbà yẹn, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin kúrò ní ₦30,000 bọ́ sí ₦70,000. Ọ̀dọ́ tó mọ ibi tí wúrà wà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé fún un.

Bí gbogbo ayé bá wá padà sí owó tí wúrà dúró fún, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè gbogbo ni yóò máa wá wúrà kún wúrà. CBN fúnra rẹ̀ ra kìlógíráàmù 12.5 wúrà tí àwọn awakùsà kéékèèké wà ní oṣù keje ọdún 2020, ó lé ní ₦268 mílíọ̀nù tí wọ́n san lé e. Owó tí àbúrò yín fẹ́ kó gba odò là, inú odò gan-an ni wọn yóò ti máa wá a.

Owó tó ṣòro láti dá kì í sì í sábà dúró bí a ṣe rò. Àwọn baba wa ná owó ẹyọ tó ti erékùṣù Maldives wá, láti Òkun Íńdíà. Kò sí ọba tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì rí ẹyọ mìíràn ní Zanzibar, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa, títí iye ẹyọ fi wó lọ́wọ́ àwọn tó ti kó ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní kí a ṣe òdìkejì: kí owó máa dín kù fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè jókòó tì í, kí èlé lè wálẹ̀, kí ohun tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ lè níye lórí. Ìlú Wörgl ní Ọsítíríà dán an wò ní oṣù keje ọdún 1932. Ìwé owó ìlú náà ń pàdánù ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ó sì lọ kiri kíákíá. Wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe, àwọn aláìníṣẹ́ ríṣẹ́. Báńkì àpapọ̀ wọn fòpin sí i ní 1933. Mo mọ rírì ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n náírà wa ti ń dín kù ju owó Wörgl lọ, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di olùgbin igi. Dọ́là, ilẹ̀ àti wúrà ni àwọn èèyàn sá lọ bá. Ilẹ̀ tí abúlé ti ń ṣa igi ìdáná, tí wọ́n ti ń ká ewé, di ohun tí olówó ìlú fi ògiri yí ká kí owó rẹ̀ má baà bàjẹ́. Owó tó ń jẹrà lè ran ìlú tí iṣẹ́ ti dá dúró lọ́wọ́. Kò lè ran ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́kẹ̀ lé owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò yín jókòó tì ni pé náírà fúnra rẹ̀, ohun àjọni ni. Gbogbo wa la jọ ni ín, ẹni tó bá bu jù nínú rẹ̀ ń bu nínú apá oníkálukú wa. Òfin CBN ti ọdún 2007 sọ pé owó tí báńkì náà lè yá ìjọba àpapọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, kí wọ́n sì dá a padà kí ọdún tó parí. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti lé ní ₦22 tírílíọ̀nù, ni wọ́n bá sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́. Òfin wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró ti òfin. Bí wọ́n ṣe pa igbó ìjọba wa nìyẹn náà.

Ibi tí ẹnì kan ti dúró ti òfin ńkọ́? Ẹ má lọ jìnnà, ẹ wo igbó Ọ̀ṣun. Ní àwọn ọdún 1950, ó ti ń lọ. Àwọn àwòrò ń dín kù, wọ́n ń jí ère kó tà, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó oko àti igbó gba apá kan, wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n gbin tíìkì. Ọdẹ àti apẹja wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pa ẹran tàbí ẹja tẹ́lẹ̀. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Ọsítíríà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí ló dìde pẹ̀lú àwọn olórìṣà. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n nà án dé gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kọ ọ́ mọ́ ogún ayé ní 2005. Ní gbogbo àkókò yẹn, láti owó Gẹ̀ẹ́sì dé náírà, láti náírà tó lágbára ju dọ́là lọ dé ti òní, igbó náà dúró. Wọ́n ti mú un kúrò lára ohun tí owó lè dá iye lé.

Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ní 2009, rí irú rẹ̀ káàkiri ayé. Ní abúlé Törbel lórí òkè ní Switzerland, òfin kan tí wọ́n ti kọ láti ọdún 1517 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó màlúù lọ sí pápá àjọni ju iye tó lè bọ́ nílé nígbà òtútù. Òfin náà rọrùn, gbogbo abúlé ló ń ṣọ́ ọ, àwọn tó ń jẹ nínú pápá náà ló sì ṣe é. Ibi tí igbó Ọ̀ṣun ti rọ̀ ni pé òfin rẹ̀ dé ibi tí igbó dé, odò sì ti òkè wá. Títí tí Òṣogbo àti Ìjẹ̀ṣà yóò fi jókòó lórí omi kan náà, pẹ̀lú ìjọba tí yóò mú òfin ṣẹ, iye wúrà ni yóò máa pinnu àwọ̀ omi náà.

Ní ti ẹgbẹ́ yín, ẹ má kọ́kọ́ dìbò. Ẹ bá àwọn tó fẹ́ tà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀, kí ẹ mọ ẹni tó jẹ gbèsè níta, iye tó jẹ àti èlé tó ń san. Kí ẹgbẹ́ san gbèsè ẹni tó burú jù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ ní èlé tiyín, kí ìpín rẹ̀ nínú tíìkì dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Bí èlé 80% bá ti kúrò lọ́rùn èèyàn, ẹ máa rí i pé òun náà ní sùúrù.

Owó tí ẹ máa fi ṣe é wà nínú oko yẹn. Tíìkì tí wọ́n gbìn súnmọ́ra ní 2011 ti tó dín kù. Ẹ gé àwọn tó wọ́, tó tín-ín-rín, tí ẹlòmíràn ti bò mọ́lẹ̀, kí ẹ tà wọ́n fún àwọn tó ń wá òpó. Àwọn tó kù yóò rí oòrùn àti àyè, wọn yóò sanra. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó fi ọ̀dà sàmì sí èyí tí ẹ máa gé. Ẹ má jẹ́ kí onígẹdú ṣe é fún yín, torí èyí tó dára jù ni yóò sàmì sí. Kùkùté tíìkì a máa sọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú u.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òfin kan tó kúrú: iye igi tí ẹgbẹ́ lè gé lọ́dún, ẹni tó ń kà á, àti pé a kò lè yí i padà àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá fọwọ́ sí i nínú ìpàdé méjì tí oṣù mẹ́ta wà láàárín wọn. Oṣù mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, láàárín oṣù mẹ́ta, gbèsè tó ń lé ẹni tó fẹ́ gé e ti rí ojútùú mìíràn.

Ẹ ka àwọn igi náà, kí ẹ wọn ìdí wọn ní ibi tó bá yín láyà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye tí onígẹdú dá lé e. Màá bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó jókòó.